Kóòsì Ló Le, Ọmọ Kì Í Ṣe Olódo

Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni Ìwó dà báyìí. Yunifásítì Bowen wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú, lórí ilẹ̀ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Onítẹ̀bọmi ti kọ́ tíṣà níṣẹ́ nígbà ayé àwọn bàbá wa. Ọdún 2001 ni Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2002. Yunifásítì Westland gba àṣẹ tirẹ̀ ní 2019. Ìjọba àpapọ̀ náà tún wá dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ fún wa, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní NCE. Àdúgbò wo lẹ fẹ́ gbà kọjá tí ẹ ò ní pàdé ọmọ tó kọ́ báàgì sẹ́yìn, tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń nájà níbòmíràn kí owó ilé-ìwé tó pé?

Owó ilé-ìwé ń ra ìjókòó ní kíláàsì. Òye ò sí lára ohun tó ń rà. Ọmọ lè sanwó tán, kó má pa kíláàsì kankan jẹ, kó kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ sọ sílẹ̀, kó kàwé mọ́jú nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kí èsì tún jáde kó jẹ́ F. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ará ilé máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ọpọlọ rẹ̀ ò gbé e, tàbí pé ayé ń bá a jà. Mo ti fi ọjọ́ ayé mi kọ́ni ní ìṣirò, mo sì ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rẹpẹtẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọpọlọ wọn pé pérépéré. Kò sẹ́ni tó fi hàn wọ́n rí bí a ṣe ń kàwé ni, kò sì sẹ́ni tí wọ́n lè bi léèrè ọ̀rọ̀ láìtijú.

Oògùn ọ̀rọ̀ náà wà nítòsí, kò sì wọ́n. Òun ni ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní tùtóríà. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí, gbogbo àáfà àti gbogbo pásítọ̀ tó ń ka ìwé yìí mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè ṣí àyè sílẹ̀ fún un.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kún fún ìwé

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ àáfà nílùú Ìwó. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi máa ń kún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: Mùsùlùmí, Onítẹ̀bọmi, ọmọ NCE, ọmọ yunifásítì. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní 2022 ló bí ìpàdé yìí. Láti àárín oṣù Kejì títí di àárín oṣù Kẹwàá ọdún náà ni iṣẹ́ fi dúró ní àwọn yunifásítì ìjọba, àwọn ọmọ àdúgbò wa tó ń lọ sí Ìbàdàn àti Ifẹ̀ sì padà wá jókòó sílé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá bá mi kó má baà gbàgbé ohun tó ti kọ́. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání nígbà tó tún ń bọ̀, ọ̀rẹ́ náà sì mú tirẹ̀ wá. Ìyanṣẹ́lódì parí, àwọn ọmọ ò yéé wá.

Ìyàtọ̀ tùtóríà sí kíláàsì ò ṣòroó rí. Ní kíláàsì, olùkọ́ kan ló ń sọ̀rọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́, aago ń sáré. Ní tùtóríà, èèyàn díẹ̀ ló jókòó yí pátákó kan ká, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó ń darí rẹ̀ lè jẹ́ tíṣà bíi tèmi. Lọ́pọ̀ ìgbà, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó ti ṣe kóòsì náà tó sì yege ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti béèrè, kó sì dúró de ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe NCE wá nípa kóòsì tí wọ́n fi ń kọ́ wọn bí a ṣe ń díwọ̀n iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti kọ́ fọ́múlà standard deviation sórí, ó ń kà á wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀.

“Ọmọ mi, kí ni ohun tí o kà yìí ń wá?”

“Mọ́mì, standard deviation ni, mà.”

“Mo gbọ́ orúkọ ẹ̀. Kí ló ń wá?”

Ó dákẹ́. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ní ká gba ọjà Odò-Ọ̀rí lọ. Ìyá méjì ń ta gàrí níbẹ̀. Ìyá kìn-ín-ní ta kọ́ńgò 8 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. Ìyá kejì ta kọ́ńgò 4 lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó ta 6 lọ́jọ́ kejì, ó ta 8, ó ta 10, ó ta 12.

“Ta ló tà jù?”

Ó ṣírò rẹ̀. Kọ́ńgò 40 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan; bí a bá pín in sí ọjọ́ 5, ó jẹ́ 8 lójúmọ́. “Ọgbọọgba ni wọ́n tà, mà.”

“Ṣé bákan náà ni ọjà wọn ń lọ?”

“Rárá, mà. Ti ìyá kìn-ín-ní dúró sójú kan. Ti ìyá kejì ń lọ sókè sódò.”

“Ó dáa. Wá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sọ fún mi bó ṣe ń lọ sókè sódò tó.”

Ó yọ 8 kúrò nínú ọjà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti ìyá kejì. Ó rí −4, −2, 0, 2 àti 4. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó gbójú sókè. “Ó di òdo, mà.”

“Ṣé ọjà ìyá yẹn ò yí padà ni?”

“Ó yí padà, mà. Àwọn tó ní àmì ìyọkúrò ló pa àwọn yòókù rẹ́.”

Ọmọkùnrin tó jókòó tì í, tó ń ka ìṣirò owó ní yunifásítì, ní kó sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí àmì ìyọkúrò lè lọ. Wọ́n ṣe é: 16, 4, 0, 4, 16. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40. Nítorí pé ọjọ́ 5 yìí nìkan là ń sọ̀rọ̀ lé lórí, wọ́n fi 5 pín in, ó di 8. Wọ́n wá nọ́ńbà tí a lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kó tó di 8, wọ́n rí 2.83, ó lé díẹ̀ tàbí ó dín díẹ̀. Fún ìyá kìn-ín-ní, òdo ni. Ọmọ náà wo fọ́múlà inú ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rí i pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ lòun ti fi ọwọ́ ara òun ṣe.

Nígbà tí ẹnì kan tó pẹ́ lẹ́yìn wọlé, mo ní kí ó ṣàlàyé fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí gàrí, kò wo ìwé. Bó ṣe dé ibi tí àròpọ̀ ti di òdo, ó dúró, ó sì bi ẹni tó ń kọ́ ní ìbéèrè tí mo bi òun. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Ilé kéwú ló kọ́ wa

Ẹni tó bá rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni irú ẹ̀kọ́ yìí ti wá kò tíì jókòó ní ilé kéwú Ìwó rí. Láti sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà ayé Olúwòó Momodu Lámúye tó jẹ́ ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ nílùú wa, ni òkìkí Ìwó ti kàn nídìí kéwú. Àwọn àáfà láti ìlú mìíràn ń wá, àwọn ọmọ ìlú wa náà sì ń tan ìmọ̀ kiri ilẹ̀ Yorùbá.

Níwájú ilé bàbá mi, àwa ọmọ a jókòó sórí ẹní, oníkálukú pẹ̀lú wàláà rẹ̀. Bàbá ò lè gbọ́ kíkà gbogbo wa lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn tó ti wọ inú Kùráánì ni wọ́n ń ka tiwọn fún un. Àwọn wọ̀nyí ló ń gbọ́ ti àwọn tó wà ní súrà kéékèèké, àwọn tó wà ní súrà kéékèèké sì ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ álífù-báà. Ẹni tí yóò ṣe wòlímọ̀ á ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ kó tó di ọjọ́ náà. Òbí tó bá ní á mú ohun tí Ọlọ́run fún un wá. Èyí tí kò ní, a kì í lé ọmọ rẹ̀.

Mo fi ẹ̀kọ́ yìí ṣiṣẹ́ nígbà tí mo di tíṣà. Ìgbà ìjọba Bọ́lá Ìgè ni, láàárín 1979 sí 1983, nígbà tí Ìwó ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì mú kí kíláàsì kún fọ́fọ́, tíṣà ìṣirò ò sì tó. Mo yan àwọn ọmọ tí iṣẹ́ yé, mo fi wọ́n ṣe olórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn olórí ìjókòó náà fúnra wọn ló jèrè jù, nítorí kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ohun tí kò yé e tán.

Lórí kámpọ́ọ̀sì lónìí, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ń gbé iṣẹ́ yìí ró. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, tí Lateef Adégbìtẹ́ sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, máa ń ṣe tùtóríà ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Àwọn ẹgbẹ́ Krístẹ́nì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ ọ̀hún bá ti dára, wọn kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tó bá wá. Ọmọ tó fẹ́ mọ kẹ́mísìrì ló wá, kẹ́mísìrì ni kí wọ́n kọ́ ọ.

Kí ni ìwádìí sọ?

Ní 1973, Deanna Martin tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Missouri ní Kansas City, ní Amẹ́ríkà, dá ètò kan sílẹ̀ tó ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè báyìí. Supplemental Instruction ni wọ́n ń pè é. Ohun tó ṣe tó yàtọ̀ ni pé kò lọ máa ṣa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fìdí rẹmi jọ. Kóòsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fìdí rẹmi ló wá. Wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe kóòsì náà dáadáa, ó padà lọ jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn tuntun, ó sì ń kó wọn jọ lẹ́yìn rẹ̀ láti jíròrò. Ẹni tó ń gba A ń wá, ẹni tó ń gba E ń wá. Kóòsì ni wọ́n pè ní líle, wọn ò pe ọmọ kankan ní olódo. Nítorí èyí, ìtìjú kúrò ńlẹ̀. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gidigidi, nítorí mo mọ iye ọmọ tí ìtìjú ti lé padà lẹ́nu ọ̀nà.

Láìpẹ́ sígbà náà, olùkọ́ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Uri Treisman ń wá ìdí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ tó gbọ́n dáadáa kí wọ́n tó dé Yunifásítì California ní Berkeley fi ń fìdí rẹmi nínú kóòsì ìṣirò tí wọ́n ń pè ní calculus. Ó tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kiri, ó wo bí wọ́n ṣe ń kàwé. Àwọn adúláwọ̀ náà ò ya ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n oníkálukú ń dá kàwé tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Àwọn tó jẹ́ ìran Ṣáínà ń dá ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n á tún wá pàdé, wọ́n á yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n á jọ jẹun. Treisman wá ṣètò ìpàdé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jọ kojú ìbéèrè líle, iṣẹ́ wọn sì gòkè. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ilẹ̀ wa ló ni òwe yẹn.

Ti èdè ńkọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ títí wọ́n fi jáde, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà lọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ kékeré ni wọ́n lóòótọ́. Síbẹ̀ mo ń rí i lọ́dẹ̀dẹ̀ mi pé ọmọ yunifásítì tí Gẹ̀ẹ́sì ti dì lẹ́nu máa ń tú bí mo bá ní kó fi Yorùbá sọ ohun tó yé e. Lẹ́yìn náà la ó wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò.

Bí a ṣe ń kàwé

Ìdajì iṣẹ́ tùtóríà ni kóòsì. Ìdajì tó kù ni kí ọmọ mọ bí a ṣe ń kàwé, nítorí kò ní rí mi nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ohun mẹ́rin ni mo máa ń tẹnu mọ́.

Èkíní, kí ó pa ìwé dé, kó bi ara rẹ̀ léèrè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi bírò aláwọ̀ kun ún yẹ́lò, ojú wọn sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n wá rò pé ó ti yé wọn. Ẹni tó jókòó ti ahunṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ á mọ bí aṣọ ṣe ń jáde. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ ìhunṣọ lé e lọ́wọ́ ni yóò mọ̀ pé òun ò tíì mọ̀ ọ́n hun. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke dán èyí wò ní Amẹ́ríkà ní 2006. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ka ìwé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kà. Àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pa á dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù: 81 nínú ọgọ́rùn-ún sí 75. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó tún un kà rántí 42, àwọn tó dán ara wọn wò rántí 56. Ìdánwò kì í wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa kàwé bí ìdánwò ṣe ń wá.

Èkejì, kí ó pín in kà. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus ní Jámánì ti fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí tó sì fi hàn pé ohun tí a kọ́ máa ń yára fò lọ ní wákàtí àti ọjọ́ àkọ́kọ́, àfi tí a bá padà sí i. Àwọn ọmọ fẹ́ràn kí wọ́n kàwé mọ́jú, TDB ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọ bá ní wákàtí mẹ́rin fún kóòsì kan, mo máa ń ní kó ka wákàtí kan lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, kó padà sí i lọ́jọ́ kejì, kó tún padà ní ìparí ọ̀sẹ̀, kó fi wákàtí tó kù sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wákàtí mẹ́rin kan náà ni, èrè rẹ̀ ju ara wọn lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀kẹta, ìwé àkọsílẹ̀. Walter Pauk ní Yunifásítì Cornell ló gbé ọ̀nà kan jáde tí mo ń kọ́ gbogbo wọn. Fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, kí apá òsì rẹ̀ tínrín. Apá ọ̀tún ni kó o máa kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kọ ìbéèrè tí àkọsílẹ̀ náà ń dáhùn sí apá òsì. Kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sísàlẹ̀ láti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bó o bá fẹ́ kàwé, fi páálí bo apá ọ̀tún, kó o máa dáhùn ìbéèrè apá òsì. Kò gba owó, kò gba íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹrin, kí ó tètè wá. Ní yunifásítì wa, orí 5 ni wọ́n ti ń ṣírò CGPA, ìyẹn ìdíwọ̀n àpapọ̀ èsì akẹ́kọ̀ọ́; láti 4.50 sókè ni ipò kìn-ín-ní, láti 3.50 sókè ni ipò kejì tòkè. Ẹ wo ọmọ tó gba 2.00 ní ọdún àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin. Bí iye kóòsì ọdún kọ̀ọ̀kan bá dọ́gba, ó gbọ́dọ̀ máa gba 4.00 fún odindi ọdún mẹ́ta tó kù kó tó lè parí sí 3.50. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òkè ńlá ni. Bí irú ọmọ yìí bá rí ìrànwọ́ ní oṣù kejì tó wọlé, kò ní gun òkè náà rárá. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló sì ń bẹ̀rù àti béèrè jù. Abèèrè kì í ṣìnà; ẹ máa sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ohun tí a kì í gbà láyè

Ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń ṣe yẹpẹrẹ. Àwọn òfin kan wà tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú lọ́dẹ̀dẹ̀ mi. A kì í bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. A máa ń ṣe irú rẹ̀ mìíràn, òun á wá lọ ṣe tirẹ̀. A máa ń lo ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mẹ́nu ba “expo”, ìyẹn ìbéèrè ìdánwò tó jò síta, á gba ẹnu ọ̀nà jáde, nítorí tíṣà ọmọ ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí máa dà lọ́la. Kò sí owó ìwé pélébé, kò sí ẹ̀bùn tó di dandan.

Mo fẹ́ kí àwọn òbí fi etí sí èyí pẹ̀lú. Gbangba ni a ti ń ṣe tùtóríà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbọ̀ngàn mọ́sálásí, kíláàsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, lójú ọ̀sán tàbí lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ọmọbìnrin yín wá gba tùtóríà lóun nìkan nínú yàrá, ẹ sọ fún ọmọ kó má lọ, bó ti wù kí onítọ̀hún mọ̀wé tó.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tiyín

Ìjọba ti dá ètò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n buwọ́ lu òfin tó gbé NELFUND, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀yáwó náà, dúró, kò sì sí èlé lórí owó náà. Mo dúpẹ́ fún un, ó ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ gbèsè. Ṣùgbọ́n owó lè mú ọmọ wọlé, kó má lè mú un yege. Iṣẹ́ tó kù náà, àwa ará ìlú lè ṣe é.

Ẹ bi àwọn ọmọ àdúgbò yín léèrè kóòsì kan tó ń dà wọ́n láàmú jù. Ọ̀kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gba A tàbí B nínú rẹ̀, tó ní sùúrù. Ẹni tó gba A tí kò ní sùúrù kò ní wúlò fún yín. Ẹ fún un ní pátákó, ṣọ́ọ̀kì àti ìjókòó. Ẹ dá ọjọ́ kan àti wákàtí kan, ẹ má yẹ̀ ẹ́, kódà bí ẹni méjì péré ló wá. Kí olùdarí mú ìbéèrè mẹ́ta wá, kó má mú ọ̀rọ̀ gígùn wá. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ara wọn. Níbi tí iná mànàmáná bá ti ń ṣe ségesège, gílóòbù kan tó ń lo oòrùn tó fún èèyàn mẹ́wàá. Àwọn tó jìnnà lè máa gba àlàyé lórí WhatsApp ní ohùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohùn tiwọn dáhùn padà.

Mọ́sálásí wa ṣófo láàárín ìrun kan sí òmíràn. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣófo láti ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi kún ìlú yìí, ọ̀pọ̀ wọn sì ní ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n léèrè mọ́. Mo ń bẹ àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kí wọ́n yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀. Mo ń bẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà láàárín wa kí wọ́n fi iṣẹ́ ìkọ́ni ọ̀fẹ́ kún ohun tí wọ́n fi ń yin akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ọmọ tó kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ó fi yege ṣe iṣẹ́ tó tó yìn.

Ní tiyín, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá pè láti ilé-ìwé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má fi mọ sórí oúnjẹ àti owó. Ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun kan tí wọ́n kọ́ ọ fún yín, kẹ́ ẹ sì máa bi í ní “kí nìdí?” títí yóò fi yé ẹ̀yin náà. Bó bá ṣe é, owó yín ń ṣiṣẹ́. Bó bá sì há sí i lọ́nà, ẹ má pè é ní olódo. Ẹ bi í lórúkọ kóòsì náà, ẹ sọ fún un kó wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe tùtóríà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí ìdánwò ṣì jìnnà.